Ọ̀gá Un-Deux-Trois

Bí ìgbéyàwó bá wà ní Pobè tàbí Sakété ní ilẹ̀ Benin, tí wọ́n sì gbé orin sálúsà sí i, ẹ ò ní pẹ́ rí Ọ̀gá Un-Deux-Trois. Bàtà rẹ̀ ń dán, ètè rẹ̀ ń mì, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀. Ẹ má rò pé àdúrà ló ń gbà o: ẹsẹ̀ ló ń kà. Èdè Faransé ló fi ń kà á, torí ó dá a lójú pé ẹsẹ̀ kì í gbọ́ Nàgó. Orí fóònù ló ti kọ́ ọ, kò sì ṣì í: ẹsẹ̀ òsì síwájú ní ọ̀kan, ọ̀tún tẹ ilẹ̀ níbi tó wà ní èjì, òsì padà sáàyè rẹ̀ ní ẹ̀ta. Ẹ̀rin ló máa ń tú àṣírí rẹ̀. Oníjó kì í gbẹ́sẹ̀ ní ẹ̀rin. Ńṣe ló ń dákẹ́ kí ìlù lè sọ tirẹ̀. Ọ̀gá kò mọ̀ ọ́n dákẹ́. Ó fi àrà dí àlàfo náà, ó yí ọmọ ọlọ́mọ bí òòyì. Ọwọ́ ọmọbìnrin náà tẹ̀lé e, ara rẹ̀ kò tíì dé.

Kíka ẹsẹ̀ kì í ṣe ijó. Etí ni ijó. Ẹ̀rí rẹ̀ kò jìnnà: ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí UNESCO kéde ní àṣà àjogúnbá pàtàkì ní 2001, tó sì wọ ìwé àjogúnbá aráyé ní 2008, ń jáde ní Sakété gan-an. Oníjó rẹ̀ so ṣaworo irin mọ́ ọrùn ẹsẹ̀. Bó bá ṣi ìlù, gbogbo èrò ló gbọ́. Ohun tí ìlù bá wí lẹsẹ̀ rẹ̀ ń tún wí, ibi tí ìlù bá sì ti parí ọ̀rọ̀ lòun náà ti ń dúró. Ijó ará oko ni Ọ̀gá ń pè é.

Ẹnìkan lè ní sálúsà kì í ṣe tiwa, kí ló dé tí a fi ń fi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wọ̀n ọ́n? Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti etíkun Benin wà lára àwọn tó gbé ìlù dé Kúbà, níbi tí gbòǹgbò sálúsà wà, àwọn ará ibẹ̀ sì ń lu bàtá títí dòní. Gnonnas Pedro (1943–2004), ọmọ Lokossa, kọ sálúsà pẹ̀lú ẹgbẹ́ Africando débi tí òkìkí rẹ̀ fi kàn kọjá Áfíríkà. Ẹlòmíràn á ní gbogbo ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ kà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ilé la ti ń kà á. Òde la ti ń gbọ́ ìlù. Iwájú dígí ni Ọ̀gá ti kọ́ ijó ẹni méjì, òun nìkan. Kí wọ́n lè rí i ló ṣe kọ́ ọ, nítorí náà kò nílò etí.

Ẹ̀yin ọmọge, bó bá tún na ọwọ́ sí yín, ẹ bi í pé kí ni ìlù ń wí. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kó máa kà á lọ.