Ẹ Dorí Àga Kodò Kí Ẹ Tó Jókòó

Ní ọjà àga Kugbo, lẹ́bàá títì tó ti Abuja lọ sí Keffi, oníbàárà tó gbọ́n kì í kọ́kọ́ jókòó sórí sófà. Á dorí rẹ̀ kodò ná. Á fi ìka gbé etí aṣọ dúdú tí wọ́n kàn mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ sókè díẹ̀, á yọjú wò ó bóyá pákó gidi ló wà níbẹ̀ tàbí pákó tí wọ́n ti fi da kọnkéré rí. Á tẹ fóòmù títí ọwọ́ rẹ̀ á fi mọ̀ bóyá odindi ni tàbí àjákù tí wọ́n kó jọ. Ìgbà tó bá gbé àga dìde tán ló tó bèèrè iye. Àga lásán mà nìyẹn o. Èmi alágbàtà ilé, tí mò ń polówó ohun tó tó ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù, ọ̀dà ara ògiri ni mo máa ń wò, géètì, àti bóyá omi ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ. N kì í dorí ilé kodò. Gbogbo àṣìṣe tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ níbí, inú ìwà yìí ni wọ́n ti jáde, pàápàá lórí ilé tí wọ́n ń tà lọ́pọ̀ nítorí pé ọwọ́ gbèsè ti tẹ onílé. Ohun tí mo sì ti wá gbà ni pé irú ilé bẹ́ẹ̀, gbèsè ló ni ín. Ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ dání, àfi bí ayálégbé ló rí. Alágbàtà tó bá onílé sọ̀rọ̀ láìbá gbèsè sọ̀rọ̀ kò tíì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Àwa alágbàtà Abuja ní orúkọ tí a ń pe irú ọjà yìí: distress sale. A máa ń kọ ọ́ gàdàgbà sórí WhatsApp, a ó ya iná mẹ́ta sí i lẹ́yìn, a ó ní ọwọ́ onílé gan-an la ti gbà á, nígbà tó jẹ́ pé àwa la ṣe ìkarùn-ún nínú àwọn tó gbọ́ ọ. Ẹ̀ṣẹ̀ mi àkọ́kọ́ ni pé mo ka 'distress' sí ẹ̀dínwó, bíi ti oníṣọ́ọ̀bù tó dín owó aṣọ kù lẹ́yìn Kérésì. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí irú títà yìí ti ní ìlànà tó dúró, short sale ni wọ́n ń pè é: onílé jẹ báńkì ju iye tí ilé lè pa lọ, ó wá ń bẹ báńkì kó jẹ́ kí òun tà á ní iye tí kò tó gbèsè. Nígbà tí owó ilé wó lulẹ̀ lọ́hùn-ún láti nǹkan bí ọdún 2007, ó di iṣẹ́ òòjọ́ àwọn alágbàtà ibẹ̀ láti kó ìwé owó oṣù onílé, àkọsílẹ̀ owó rẹ̀ ní báńkì, àti lẹ́tà tó ṣàlàyé ìṣòro rẹ̀ jọ, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí báńkì, kí wọ́n sì máa retí. Orúkọ rẹ̀ ni kúkúrú; ìdúró rẹ̀ gùn ju súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Nyanya lọ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ kìíní ni wọ́n ti mọ̀ pé ẹni mẹ́ta ló wà nídìí ọjà náà, àti pé ẹni kẹta, ẹni tí wọ́n jẹ lówó, ló ni bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹni kẹta yìí wà nídìí ọjà tiwa náà. A kì í kàn pè é sí ìpàdé ni. Ọjọ́ tí owó bá fẹ́ bọ́ sílẹ̀ ló máa ń yọ sí wa.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò wò ó. Ká ní ilé kan tó ₦120 mílíọ̀nù, tí ẹni tó ni ín sọ pé ká bá òun tà á kíákíá ní ₦80 mílíọ̀nù. Kó tó pa ẹnu dé, irú èmi ti yọ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún tèmi sọ́tọ̀, ₦4 mílíọ̀nù, mo sì ti fi ọkàn ná an tán: owó ilé ìwé, táyà mẹ́rin, àti sófà tuntun láti Kugbo níbí. Àwọn àgbà ní agbójúlógún fi ara rẹ̀ fóṣì ta. Wọn kò dárúkọ alágbàtà, ṣùgbọ́n wọ́n rí wa. Ìbéèrè tó yẹ kó jáde lẹ́nu mi ni pé, èló ni gbèsè orí ilé yìí? Bó bá jẹ́ ₦95 mílíọ̀nù, ₦80 mílíọ̀nù kò lè tú u sílẹ̀. Ó ku ₦15 mílíọ̀nù tí ẹnì kan gbọ́dọ̀ wá, tàbí kí báńkì fi jì í, báńkì kò sì ní torí táyà mi fi jì í. Èlé náà kì í sùn. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2024 títí di oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, 27.5% ni òdiwọ̀n èlé Central Bank, àwọn báńkì sì máa ń gbé tiwọn lé e lórí. Bí èlé bá jẹ́ 30% lọ́dún, ₦95 mílíọ̀nù ń bí nǹkan bíi ₦2.4 mílíọ̀nù lóṣooṣù. Oṣù méjì péré tí mo bá fi ń mú èrò wo yàrá àti ilé ìdáná, èlé ti ju owó iṣẹ́ mi lọ. Wọ́n máa ń bú alágbàtà pé òun ló ń sọ ọjà di ọ̀wọ́n. Èmi ò tilẹ̀ tíì tajà. Gbèsè ni mò ń sọ di ọ̀wọ́n.

Àṣìṣe mi kejì dá lórí ìwé. Bí mo bá ti rí òǹtẹ̀ pupa, ọkàn mi á balẹ̀. Ní Abuja, ohun tí wọ́n sábà ń gbé lé ẹni tó ra ilé lọ́wọ́ ni power of attorney tí wọ́n kọ 'irrevocable', ìyẹn èyí tí kò ṣeé fagi lé, sí lórí, mo sì máa ń pe ọ̀rọ̀ yẹn fún oníbàárà bí ẹni ń ki oríkì. Ṣùgbọ́n Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti sọ ọ́ nínú ẹjọ́ Ude àti Nwara ní 1993 pé irú ìwé yẹn kàn ń fún ènìyàn láṣẹ láti ṣojú ẹlòmíràn ni; òun fúnra rẹ̀ kì í gbé ilẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan fún ẹnì kejì. Òfin Ilẹ̀ ti 1978 sì ní ẹni tó bá fẹ́ ta ilẹ̀ tàbí fi í dógò gbọ́dọ̀ gba àṣẹ gómìnà, èyí tó jẹ́ pé ọwọ́ mínísítà ló wà ní Abuja. Ẹ wo ohun tó dé bá Savannah Bank nínú ẹjọ́ òun àti Ajilo ní 1989. Ọkùnrin náà ti fi ilé dógò, gbèsè wọ̀ ọ́ lọ́rùn, báńkì fẹ́ lu ilé ní gbàǹjo, ló bá gba kóòtù lọ pé wọn kò gba àṣẹ gómìnà, nítorí náà ìdógò náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Kóòtù gbè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun gan-an ló yẹ kó lọ gba àṣẹ. Ní 1995, Ilé Ẹjọ́ náà rọ ọ̀rọ̀ yìí díẹ̀ nínú ẹjọ́ mìíràn: ẹ lè kọ́kọ́ tọwọ́ bọ̀wé, ṣùgbọ́n ìwé náà kò tíì pé títí àṣẹ á fi dé. Bí báńkì tó gba agbẹjọ́rò rẹpẹtẹ bá lè di òfo mú, kí ni èmi tí n kò ní ju fóònù méjì lọ ń fi ọwọ́ sọ̀yà sí?

Ẹnì kan á ní, ṣé alágbàtà ni agbẹjọ́rò ni? Iṣẹ́ tèmi ni kí n mú ẹni tó máa rà á wá. Kí agbẹjọ́rò lọ yẹ ìwé wò ní AGIS, níbi tí àkọsílẹ̀ ilẹ̀ Abuja wà. Àwíjàre tó dára ni, ó ti pẹ́ tí mo ti ń sá pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà tí agbẹjọ́rò máa dé, ẹnu mi ti ṣíwájú rẹ̀, mo ti sọ pé ìwé mọ́ kedere, ẹyin sì ni ohùn. Àkọsílẹ̀ tí ìjọba ní sì ni AGIS lè fi hàn án. Gbèsè tí wọ́n fi ẹnu lásán dá sí orí ilé kò sí níbẹ̀. Gbèsè báńkì pàápàá lè ti pààrọ̀ ọwọ́. AMCON, ilé iṣẹ́ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 2010, ra gbèsè tó lé ní 12,000 lọ́wọ́ àwọn báńkì wa, débi pé ẹni tó ń lọ bẹ báńkì lè máa bẹ ẹni tí kò ní nǹkan kan láti fi jì í mọ́. Òfin tó dènà fífi owó ẹ̀gbin pamọ́, ti 2022, tilẹ̀ ka àwa tó ń ta ilé mọ́ àwọn tó gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí wọ́n ń bá ṣòwò, kò sì gbà kí ẹnì kan ṣoṣo gba ju ₦5 mílíọ̀nù lọ ní owó ọwọ́. 'Kò kàn mí' kò sí nínú ohun tí òfin gbà lẹ́nu mi.

Àtakò kejì lágbára ju ìyẹn lọ. Wọ́n á ní Amẹ́ríkà kọ́ ni Kugbo: láti ibí dé Karu àti Jikwoyi, owó ọwọ́ ni ọ̀pọ̀ fi kọ́lé, búlọ́ọ̀kù lọ́dún yìí, páànù lọ́dún mìíràn, báńkì wo ló wà nínú rẹ̀? Òótọ́ ni. Àmọ́ gbogbo gbèsè kọ́ ló jẹ́ ti báńkì. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, ìjọba Abuja kéde pé òun gba ẹ̀tọ́ orí ilẹ̀ 4,794 padà, ní Maitama, Asokoro, Wuse, Garki àti àwọn àdúgbò ńlá bẹ́ẹ̀, nítorí owó ilẹ̀ ọdọọdún tí wọn kò san fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá. Ẹni tó lè sọ pé òun kò jẹ ẹnikẹ́ni, ilẹ̀ tó tẹ̀ mọ́lẹ̀ ló jẹ. Ayálégbé tó ti san owó ọdún méjì sílẹ̀, olówó onílé ni. Ẹ̀gbọ́n tó ra símẹ́ǹtì, ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tó yá a lówó páànù, oníṣẹ́ ọwọ́ tí wọn kò san tirẹ̀ tán, gbogbo wọn ló máa ń rántí ọ̀nà ilé lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbọ́ pé wọ́n ti tà á.

Àtakò tó máa ń dá mi dúró jù ni ti ìtìjú. Bí mo bá bi onílé léèrè gbèsè, á bínú, á gbé ọjà fún alágbàtà mìíràn. Ìtìjú gbèsè ti pẹ́ láàárín wa. Samuel Johnson kọ ọ́ nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ bí olówó ṣe máa ń rán ológò lọ jókòó ti onígbèsè: á wọlé, á máa sọ ìsọkúsọ, á máa pàṣẹ oúnjẹ tó dùn, á ki adìyẹ ilé mọ́lẹ̀, títí wọ́n á fi wá owó. Ta ló máa fẹ́ kí àlejò fi irú ìbéèrè yẹn ṣí ẹnu? Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí mò ń gbà bèèrè ló burú. 'Ṣé gbèsè wà ńlẹ̀?' jọ ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá, ìdáhùn rẹ̀ sì ni rárá. Èyí tó yẹ ni: 'Ẹ dákun, sà, lọ́jọ́ tí owó bá wọlé, ta la máa kọ́kọ́ san tirẹ̀?' Ìbéèrè yìí kò fi ẹnikẹ́ni sùn. Ó gbà pé gbogbo ilé ló ní ẹni tí wọ́n ń san nǹkan fún, ó sì fi èmi náà sínú 'la' yẹn. Onílé tó bá sì torí rẹ̀ sá lọ bá alágbàtà mìíràn ti dáhùn ìbéèrè náà lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹni tó fẹ́ rà lè sọ pé oríire tòun ni ọ̀pọ̀, kí n má fi ìbéèrè bà á jẹ́. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, onílé ló yẹ kó bẹ̀rù. Nínú ẹjọ́ Eka-Eteh ní 1973, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ jẹ́ kó yé wa pé bí ẹni tí wọ́n fi ilé dógò fún bá tà á láìsí èrú, pé owó rẹ̀ kéré nìkan kò tó láti fagi lé e. Nítorí náà, onílé tó fi gbèsè pamọ́ títí báńkì fi tà á lè pàdánù ilé ní iye tí kò tó nǹkan, kó tún máa jẹ èyí tó kù. Bí a bá tètè bá báńkì sọ̀rọ̀, ó ṣì lè gbà kí á wá ẹni tó máa san iye tó dára, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ti fi ìyókù jì í. Àwọn àgbà ní bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n mọ́. Dídákẹ́ tí mo máa ń dákẹ́, tí mo ń pè ní ọ̀wọ̀, òun ló ń bá wọn ta ará ilé.

N kò ṣèlérí pé ìka mi kò ní yún mí mọ́. Ọ̀rọ̀ 'distress' dùn ún tẹ̀ lórí fóònù, iná mẹ́ta sì ń dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí i tí mo polówó ilé pé ọ̀pọ̀ ni, tí n kò kọ iye gbèsè àti orúkọ ẹni tí wọ́n jẹ sábẹ́ rẹ̀, ẹ má bi mí léèrè iye yàrá. Ẹ ní kí n dorí àga yẹn kodò ná.