Owó Wà Nínú Ilé Yìí

Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé gíramà ní Yorùbá n'Ìbàdàn, bírò pupa mi sì lókìkí jù mí lọ. Ọmọ kan kọ ọ́ sínú àròkọ rẹ̀ pé "Baba mi ra oko." Mo fún un ní òdo, mo kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pé: ọkọ̀ ni, ọkọ́ ni, àbí ilẹ̀ oko? Ọmọ náà sunkún títí ilé-ìwé fi parí. Àánú rẹ̀ ò ṣe mí.

Ní Sátidé ọjọ́ kan, mo jókòó sí pálọ̀, mo rí i lórí fóònù pé ráútà ilé wa ṣì ń jẹ́ orúkọ tí wọ́n fi gbé e wá láti ilé-iṣẹ́, lẹ́tà àti nọ́ńbà lọ rẹrẹẹrẹ bíi nọ́ńbà ọkọ̀. Èmi tí wọ́n máa ń wá bá bí wọ́n bá bímọ ládùúgbò, pé, "Tíṣà, ẹ bá wa wá orúkọ tó nítumọ̀," ẹ̀rọ inú ilé mi ò lórúkọ! Mo ní òní gan-an ni ìkómọ rẹ̀.

Ìyá Ìbejì wà lórí Zoom nínú yàrá pẹ̀lú àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ó yọrí síta.

"Bàbá Ìbejì, kí lẹ ń fi ẹ̀rọ yẹn ṣe? Mo wà nípàdé o."

"Mo fẹ́ sọ ọ́ lórúkọ ni."

Mo dojú ráútà délẹ̀. Sítíkà ìjọ wa ti ọdún náà, "Ọdún Àṣírí Bíbò," ni mo ti fi bo ìdajì àkọlé abẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n mo ṣì rí 192.168.0.1 kà. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù. "Admin" ni orúkọ àtiwọlé, "admin" náà ni páásíwọ́ọ̀dù. Irú ilẹ̀kùn wo nìyí? Lójú ẹsẹ̀ ni mo pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tí olè kankan ò lè mọ̀. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, èmi náà ò mọ̀ ọ́n mọ́.

Orúkọ tí mo ti rò sílẹ̀ ni Ọ̀wọ̀ Wà Nínú Ilé Yìí. Gbogbo fóònù tó bá sún mọ́ ilé ló ń rí orúkọ wáìfáì, ì báà má ní páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń kọjá lọ mọ̀ pé ọmọlúàbí ló ń gbébẹ̀. Mo fi àmì sí gbogbo ibi tó yẹ kí àmì wà, mo tẹ "Save." Ráútà ní ó ti gùn jù, pé 32 lòpin. Mo fi ìka ọwọ́ kà á, mo fi tẹsẹ̀ kún un: 19, pẹ̀lú àlàfo àárín ọ̀rọ̀. Ìka kan ṣì ṣẹ́ kù.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà ló padà là mí lóye. Ẹ̀rọ kì í ka lẹ́tà bí ojú tiwa ṣe ń kà á, báìtì ló ń kà. W gba báìtì kan, à gba méjì, Ọ gba mẹ́ta. Bí àmì ohùn bá tún gun Ọ yẹn lórí, ó di márùn-ún. Orúkọ mi jẹ́ báìtì 33. Ká ní mo yọ àmì orí "Wà" nìkan, ì bá wọlé. Ṣùgbọ́n n kò mọ̀. Inú bí mi, mo ṣí gbogbo wọn kúrò: Owo Wa Ninu Ile Yii. Ó wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́.

"Bàbá Ìbejì!"

Ìpàdé ti já. Fóònù, láptọ́ọ̀pù, tẹlifíṣọ̀n, gbogbo wọn ń wá orúkọ àtijọ́ bí ajá tó sọ olówó rẹ̀ nù. Èèyàn lè pa orúkọ dà kí ìyàwó rẹ̀ ṣì dá a mọ̀; wáìfáì ò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni mo fi ń so wọ́n padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, Ìyá Ìbejì ò sì bá mi sọ̀rọ̀.

Láti ọjọ́ Àìkú ni ìkíni àdúgbò ti yí padà. Ọlọ́dẹ òru ní, "Tíṣà, ẹ rántí wa o." Ẹni tó jẹ mí lówó láti ọdún tó kọjá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní òun ò rò pé mo tún nílò rẹ̀. Ní ọjọ́ Ajé, baba onílé gun òkè wá fúnra rẹ̀.

"Tíṣà, ọmọ mi ló fi hàn mí lórí fóònù. Owó wà nínú ilé yìí! Ẹ̀yin tí ẹ ní kí n fún yín lóṣù méjì sí i!"

"Bàbá, ọ̀wọ̀ ni, kì í ṣe owó."

"Ṣé ọ̀wọ̀ lẹ máa fi san owó ilé ni?"

Lóru ọjọ́ yẹn, Ìyá Ìbejì ta mí jí. "Bàbá Ìbejì, ẹ ti júwe ilé wa fún adigunjalè." Mo fò dìde láti pa orúkọ náà dà, ni mo bá rí i pé páásíwọ́ọ̀dù tí olè ò lè mọ̀ ti fò lọ. Mo fi abẹ́rẹ́ tẹ ihò kékeré tó wà lẹ́yìn ráútà títí gbogbo iná rẹ̀ fi kú, tó tún tàn. Ó padà sí bó ṣe wà lọ́jọ́ tí mo rà á, páásíwọ́ọ̀dù wáìfáì tó bá a wá sì wà lábẹ́ "Ọdún Àṣírí Bíbò." Mo fi bíléèdì họ sítíkà náà. Òun àti àkọlé jọ jáde pọ̀ ni. Àṣírí bò lóòótọ́.

Ọjọ́bọ̀ ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ráyè wá. Ó fi wáyà so láptọ́ọ̀pù mọ́ ráútà, kò bèèrè páásíwọ́ọ̀dù wáìfáì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó ṣe é tán kí n tó mu tíì mi tán. "Ile Tisa" ló sọ ọ́. N kò bá a jiyàn.

Ní Jímọ̀, lẹ́tà baba onílé dé: "E o maa san owo ile tuntun lati osu to n bo." Kò sí àmì kan ṣoṣo lórí rẹ̀. Mo wò ó lọ, mo wò ó bọ̀, bóyá "owo" yẹn lè ní ìtumọ̀ mìíràn. Mo fa bírò pupa mi yọ. Ìyá Ìbejì gbà á lọ́wọ́ mi.