Bàbá Fẹ̀-Ẹ́-Lójú

Kò sí ìlú tí kò ní i. Ẹ ó bá a ní Ìkìrun, ẹ ó bá a ní Ìníṣà, àwọn ti Òkukù sì ń bára wọn du tẹlifíṣàn ta ló tóbi jù. Ṣùgbọ́n ti Ìgbàyè ni kí n sọ, torí òun ni baba gbogbo wọn. Bàbá Fẹ̀-Ẹ́-Lójú ni àwọn ọmọ ilé ń pè é lẹ́yìn. Bó bá ti wọlé, “Dádì” ni.

Ínǹṣì 55 ni tẹlifíṣàn rẹ̀. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó gba ògiri pálọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ wíńdò títí dé ìdí fírísà. Láti ọjọ́ tó ti gbé e wá láti Òṣogbo, bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn ní ṣọ́ọ̀bù ṣì wà ní igun rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n kọ “4K” sí, àlejò sì gbọ́dọ̀ kà á. Rìmóòtù wà nínú náílọ́ọ̀nù tó bá a wá, wọ́n fi rọ́bà dè é nídìí. Náílọ́ọ̀nù náà ti pọ́n, epo àkàrà ti wọ̀ ọ́ lára. Ojú kan ṣoṣo ló ti já: orí bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń yí bí àwòrán ṣe ń jókòó sójú tẹlifíṣàn.

Òfin kan ni Bàbá ní. Àyè dúdú kò gbọdọ̀ sí lójú tẹlifíṣàn òun. Tí wọ́n bá fi fíìmù àtijọ́ sí i, tí àwòrán jókòó sáàárín, tí dúdú sì wà lọ́tùn-ún lósì, ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. “Ínǹṣì 55 ni mo sanwó rẹ̀! N ò sanwó 45!” Ẹ má fi í rẹ́rìn-ín, ìṣirò rẹ̀ péye. Ìdá kan nínú mẹ́rin ojú tẹlifíṣàn náà ló ń ṣófo lóòótọ́.

Ẹjọ́ yìí ti pẹ́ nílẹ̀ kí Bàbá tó dá sí i. Láti bíi 1892 tí Dickson, ọmọọṣẹ́ Edison, ti ń gé fíìmù ní Amẹ́ríkà ni àwòrán ti jẹ́ 4 ní ìbú, 3 ní òró. Tẹlifíṣàn jogún rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni WNTV gbé e dé Ìbàdàn ní October 31, 1959, bẹ́ẹ̀ ló sì rí nínú gbogbo tẹlifíṣàn onídìí ńlá tí a fi dàgbà. Nígbà tó di ẹ̀wádún 1980, ẹnì kan ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Kerns Powers to gbogbo ìwọ̀n tí àwọn onísinimá ń lò léra wọn, ó sì rí i pé 16 sí 9 lè gba gbogbo wọn mọ́ra, bí oníkálukú bá gbà kí díẹ̀ ṣófo lára tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi Bàbá.

Bí Bàbá bá ti tẹ “Wide” lórí rìmóòtù, àwòrán á nà dé etí, gbogbo ẹni tó wà nínú fíìmù á sì fi ìdá kan nínú mẹ́ta sanra sí i lójú ẹsẹ̀, láìjẹ iyán. A wo Ṣaworoidẹ tí Túndé Kèlání ṣe ní 1999. Kọ́lá Oyèwọ̀ tó ṣe Lápité kún orí ìtẹ́ bámúbámú. Ti Lápité kò dùn mí o. Ẹni tó jẹ owó igi gẹdú ìlú, ó yẹ kó tóbi. Adébáyọ̀ Fálétí tó ṣe Bàbá Ọ̀pálábá ńkọ́? Kí ni bàbá arúgbó yẹn jẹ?

Ó tún ní pléètì kan tí wọ́n kó góòlù Super Eagles jọ sí. Ẹ rántí June 21, 1994, tí Rashidi Yekini gbá ti Bulgaria wọlé, tó ki ọwọ́ bọ inú àwọ̀n tó ń ké. Géńdé gíga fíofío ni Yekini. Ní pálọ̀ yìí, ó di olóko tó jẹun yó. Ẹsẹ̀ bàtà 24 ni òfin bọ́ọ̀lù ní kó wà láàárín òpó méjèèjì. Ní Ìgbàyè, 32 ni. Bàbá fúnra rẹ̀ nàka sí i: “Ẹ ò rí bó ṣe fẹ̀ ni? Èmi gan-an á gbá a wọlé!”

Ti fíìmù sinimá Amẹ́ríkà tún yàtọ̀. Àwọn mìíràn fẹ̀ ju tẹlifíṣàn lọ, dúdú á wá wà lókè àti nísàlẹ̀. “Zoom” ni Bàbá ń tẹ̀ fún ìyẹn. Zoom á fa àwòrán títí á fi kún òkè kún ìsàlẹ̀, á sì gé ọ̀tún àti òsì dànù. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ọkọ jókòó sí ìpẹ̀kun tábìlì kan, ìyàwó sí ìpẹ̀kun kejì, wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ ìkọ̀sílẹ̀ síra wọn. Àwa ò rí ọkọ, a ò rí ìyàwó. Tábìlì la wò títí wọ́n fi túká.

Ọmọ UNIOSUN kan tó ń lọ sí ọgbà Òkukù, tó yá yàrá lẹ́yìn ilé, ló fi ìgboyà sọ̀rọ̀. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fi í sí ‘Auto.’ Á máa mọ èyí tó yẹ fúnra rẹ̀.”

“Ta ni Auto? Ṣé òun ló ra tẹlifíṣàn?”

Ọmọ náà dákẹ́. Ẹ má tilẹ̀ rò pé Auto mọ ohun gbogbo. Àwọn iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn kan wà tó jẹ́ pé àwọn fúnra wọn ti fa àwòrán gbọọrọ kí wọ́n tó gbé e sáfẹ́fẹ́. Auto kò lè mọ irú wọn. Nígbà tí ìjọba gbé tẹlifíṣàn díjítà dé Òṣogbo ní 2018, Bàbá rò pé wọ́n ti fòfin de dúdú ni. Nígbà tó tún rí dúdú, ó bínú fún ọ̀pọ̀ ọjọ́.

Ṣùgbọ́n mo mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ojú wíńdò ló ti ń wo tẹlifíṣàn olówó àdúgbò nígbà tó wà lọ́mọdé, àpótí onílẹ̀kùn tí wọ́n ń fi kọ́kọ́rọ́ tì. Orí ọmọ tó dúró níwájú rẹ̀ ló máa ń gba apá kan àwòrán. Ìdajì Bàbá Sàlá ló fi rẹ́rìn-ín ní gbogbo ìgbà èwe rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ló wá ká a mọ́. Wọ́n gbé kásẹ́ẹ̀tì ìnáwó òkú ìyá Bàbá, tí wọ́n ṣe nígbà ayé Abacha, fún onífídíò kan ní Ìkìrun, ó dà á sórí fúláàṣì. Gbogbo ilé pé jọ. Obìnrin gbàràmù kan jó wọlé pẹ̀lú gèlè aláwọ̀ aró.

“Bàbá Kúnlé, ta nìyẹn?”

“Ìwọ mà ni, Ìyá Kúnlé.”

“Èmi? Èmi tí bàbá yín ń pè ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́?”

Bàbá sáré tẹ Zoom. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ padà dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní gèlè mọ́. Iwájú orí ni wọ́n ti gé e.

“Gèlè mi dà? Gèlè tí mo jà kí ẹ tó rà!”

Ọ̀nà kẹta wà, gbogbo wa ló mọ̀ ọ́n. Bàbá kò jẹ́ gbà á. Ọbẹ̀ alẹ́ ọjọ́ náà, ata ló pọ̀ níbẹ̀.

Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, ó mú fúláàṣì padà lọ sí Ìkìrun. Bó ti dé, ó pè wá, ó tan tẹlifíṣàn, kò tẹ nǹkan kan. Ìyá Kúnlé jó wọlé láàárín, tín-ín-rín, gèlè pé lórí. Níbi tí dúdú wà lọ́wọ́ ọ̀tún, àwòrán Bàbá ló dúró nínú agbádá, ó di fìlà mú. Lọ́wọ́ òsì, Bàbá kan náà, fìlà kan náà. “Ó kún àbí kò kún?” A ní ó kún.

Ó ní onífídíò ti ń bá òun ṣe ti Ṣaworoidẹ lọ́wọ́: ààfin Jogbo, Bàbá lọ́tùn-ún, Bàbá lósì.