Ẹ Gbé Iṣẹ́ Ògiri Ẹnubodè fún Àwọn Ọmọ Onílẹ̀

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, Ọ̀gágun Christopher Musa, tó jẹ́ olórí gbogbo ọmọ ogun Nàìjíríà nígbà náà, sọ l'Ábújá pé ó yẹ kí a ṣe ọgbà yí orílẹ̀-èdè wa ká. Ó ní Pakistan ṣe é sí ààlà òun àti Afghanistan, Saudi Arabia ṣe é sí ẹ̀gbẹ́ Iraq, ara sì tù wọ́n. Ọ̀gágun ti di mínísítà ètò ààbò báyìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó sọ kò tíì kúrò nílẹ̀ ní Mowe, Ibafo àti Ifo. Ẹni tó bá ń jiyàn kó lọ dúró nídìí ìwé ìròyìn ní ibùdókọ̀ Mowe láàárọ̀, níbi tí àwọn tí kò ní í ra ìwé kankan ti ń ka àkọlé, tí wọ́n sì ń fi ohùn rara ṣe ìjọba.

Kò yà mí lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wá lára. Bí wọ́n bá ń wá ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ọgbà ní Nàìjíríà, ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódè ni kí wọ́n wá. Lọ́dọ̀ tiwa, ọgbà ni ènìyàn kọ́kọ́ ń ṣe kó tó ronú ilé, kí ẹbí tó ta ilẹ̀ náà fún un má baà tún un tà fún ẹlòmíràn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí ọgbà bá dúró tán, a ó ri àfọ́kù ìgò mọ́ orí rẹ̀. Lẹ́yìn ìgò, wáyà ẹlẹ́gùn-ún. Lẹ́yìn wáyà, géètì àdúgbò tí wọ́n ń tì láago mẹ́wàá alẹ́, pẹ̀lú ọlọ́dẹ tó ń fọn fèrè káàkiri kí olè lè mọ ibi tí òun wà. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, a ó wá fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ògiri pé ilé yìí kì í ṣe títà, kí ẹ ṣọ́ra fún gbájú-ẹ̀. Olè sì ń wọlé síbẹ̀.

Ìjọba àpapọ̀ pàápàá ti dán ògiri wò lọ́dọ̀ wa. Nígbà tí wọ́n ń tún òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ṣe, wọ́n to kọnkéré sí àárín ọ̀nà méjèèjì kí ọkọ̀ má baà ya síbi tí kò yẹ, kí ẹlẹ́sẹ̀ má sì sáré kọjá. Ẹ wá wo Ibafo ní ìrọ̀lẹ́. Ìyá àgbà á ká ìró sókè, á gbé ẹsẹ̀ kan, ọmọkùnrin tó wà nítòsí á ti igbá ọjà tẹ̀ lé e, ìyá á sì di èrò òdìkejì. Ìyá yìí kò gba ẹ̀kọ́ ogun níbì kankan o. Ó kàn fẹ́ délé ni.

Nínú àríyànjiyàn tí mò ń wí yìí, alága ẹgbẹ́ onílé ẹ̀sítéètì kan ló ń ṣáájú àwọn tó fẹ́ ògiri. Àlejò ti pọ̀ jù, ni Alága ń wí, a kò mọ ẹni tó ń wọlé mọ́, kí wọ́n tì í pa, kí wọ́n mọ ọ́n pa. Àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́. Àfi ìgbà tí bàbá Ẹ̀gbá kan tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ẹni tí oko bàbá rẹ̀ wà níbi tí ẹ̀sítéètì Alága wà lónìí, bi wọ́n pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Alága, níbo lẹ̀yin ti wá ná?"

Ìdáhùn pẹ́ kó tó jáde. Mushin ni. Kí wọ́n tó dé Mushin, Ọ̀fà ni. Bàbá tó bí wọn sì rèé, Kumasi ló ti ń ta aṣọ kó tó sá padà sí Ọ̀fà.

Gbogbo àwa tó dúró níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀, torí kò sí ẹni tí ìbéèrè yẹn kò lè kàn. Owó ilé Èkó ló lé èmi náà kọjá Berger, kò sì sí òṣìṣẹ́ kankan tó bi mí ní ìwé ìrìnnà nígbà tí mo wọ ìpínlẹ̀ Ògùn. Ká ní àwọn Ẹ̀gbá ti mọ ògiri sí etí odò Ògùn lọ́jọ́ náà ni, ọjà Kara là bá máa sùn, àwa àti màlúù.

Ti Kumasi yẹn kò ṣeé fò kọjá. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia ní Gánà fún gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n jáde. Àwọn ará Ọ̀fà, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìnísà àti Èjìgbò tó ti ṣòwò níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ fi ṣọ́ọ̀bù àti gbèsè tí wọ́n ń sìn sílẹ̀. A sunkún, a ṣépè. Nígbà tó di ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1983, tí epo kò mú owó wọlé bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, tí ìdìbò sì ń bọ̀ lọ́dún náà, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé Ṣàgàrí, Alhaji Ali Baba, fún àjèjì tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì kan náà, bíi pé wọ́n jọ wo ìwé ara wọn nínú ìdánwò. Ó lé ní mílíọ̀nù kan ènìyàn, ará Gánà ló pọ̀ jù, tó gba ọ̀nà Sèmè jáde. Àpò tí wọ́n fi di ẹrù wọn, Ghana Must Go, ni àwa náà fi kó aṣọ wa láti Mushin wá sí Mowe. Bóyá ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì Alága dòní.

Ṣùgbọ́n kí ẹ má baà ní ńṣe ni mo kàn ń tako ìjọba, mo ní ìmọ̀ràn. Bí ògiri yìí yóò bá wà dandan, kí wọ́n má gbé e fún kọngílá Àbújá, ẹni tí yóò gba owó ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí a kò sì ní rí i mọ́. Kí wọ́n gbé e fún àwọn ọmọ onílẹ̀ láti Ibafo dé Mowe. Ní gbogbo Nàìjíríà, àwọn nìkan ló lè dá ẹni tó ní ìwé, ìwé àṣẹ ìjọba àti lọ́yà dúró lórí ilẹ̀ tó fi owó ara rẹ̀ rà. Ta ni agbébọn lójú wọn?

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí iṣẹ́ náà yóò ṣe lọ. Ọjọ́ tí ọkọ̀ akóyanrìn àkọ́kọ́ bá já ẹrù ni wọn yóò dé lórí ọ̀kadà, mẹ́ta mẹ́ta lórí ọ̀kan. Owó ìpìlẹ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ gbà. Bí búlọ́ọ̀kù bá ga dé àyà, owó lintel ti pé. Lẹ́yìn náà, owó òrùlé. Ẹ ó ní ògiri kì í ní òrùlé. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn kí ẹ wo ohun tí ojú yín yóò rí. Nígbà tí ẹ bá rò pé ẹ ti san tán, ẹbí kejì yóò dé pẹ̀lú ìdájọ́ ilé ẹjọ́, wọn yóò ní àwọn gan-an ló ni ilẹ̀, àwọn tí ẹ ń sanwó fún tẹ́lẹ̀, ẹrú bàbá àwọn ni. Ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí owó ìpìlẹ̀. Ẹ sì rántí pé ààlà orí ilẹ̀ Nàìjíríà lé ní 4,000 kìlómítà. Mélòó ni ẹbí tó wà lójú ọ̀nà yẹn?

Ìpínlẹ̀ Ògùn ṣe òfin kan ní ọdún 2016 láti fi mú àwọn ajagungbalẹ̀, òfin tó le débi pé ẹ̀wọ̀n ọdún 25 wà nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ onílẹ̀ bọ̀wọ̀ fún òfin náà gan-an ni. Láti ìgbà náà, wọ́n ń já rìsíìtì fún ènìyàn.

Ògiri wa kò ní parí, mo gbà. Ṣùgbọ́n agbébọn tó bá gorí rẹ̀ bọ́ sí apá ìhín yóò bá àwọn ọ̀dọ́ ẹbí lórí ìjókòó, wọn yóò sì ní kó wá san owó àtiwọlé, kó fi ọtí schnapps méjì lé e. Ẹni tó bá mọ̀ wọ́n mọ̀ pé òun ni yóò fẹsẹ̀ ara rẹ̀ padà sí aṣálẹ̀.

Ibi tí mo ti rí ìṣòro ni ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀ oòrùn ìpínlẹ̀ wa. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1889, àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Faransé fọwọ́ sí ìwé kan lókè òkun, wọ́n sì fa ìlà. Alákétu àti ààfin rẹ̀ bọ́ sí ọwọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ tó jẹ́ ọmọ Kétu bọ́ sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n la Ìfọ̀nyìn sí méjì. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Aṣíwájú, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìmẹ̀kọ, gbé ìwé jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1976, kò sì dákẹ́ lórí rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ará Ìdìrókò ń lọ bá àna rẹ̀ jẹun ní Ìgòlò lódìkejì ààlà, ó sì ń padà wálé sùn. Bí ọmọ onílẹ̀ bá wá jáde láti Kétu wá bèèrè owó ìpìlẹ̀ lórí ilẹ̀ baba ńlá rẹ̀, tí Yorùbá ẹnu rẹ̀ sì dán ju ti gbogbo ọmọ wa ní Èkó lọ, èwo ni ká pè é? Àjèjì tí kò ní ìwé?

Ta ni yóò tilẹ̀ to búlọ́ọ̀kù náà? Ẹ bèèrè lọ́wọ́ onílé èyíkéyìí láti Arepo dé Mowe irú ẹni tó tẹ́ táìsì rẹ̀. Ará Tógò ni, tàbí ọmọ Kútọnu, torí ọwọ́ wọn mọ́. Ilẹ̀ pálọ̀ Alága, ọmọ Tógò ló tẹ́ ẹ. Ọmọbìnrin tó ń nù ún, ẹ̀yìn Àjàṣẹ́ ilẹ̀ Benin ló ti wá. Ìrẹsì tí wọ́n jẹ níbẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú gba igbó Ìdìrókò kọjá lóru. Mọ́tò tí wọ́n gbé wá sídìí ìwé ìròyìn láti wá bú àjèjì, èbúté Kútọnu ló ti bọ́ sílẹ̀. Bí a bá ti ẹnubodè pa lóòótọ́, Alága ni yóò kọ́kọ́ sùn lébi.

A sì ti tì í rí. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹjọ ọdún 2019, ìjọba Buhari ti ẹnubodè orí ilẹ̀, àwa tí a bá ọ̀rẹ́ àti ìbátan pé jọ ní Dakar ní 1979 tí a fọwọ́ sí i pé ọmọ ECOWAS lè wọ ilẹ̀ ara wọn gbé fún 90 ọjọ́ láìsí físà. Ní oṣù Kọkànlá, Kọ́sítọ̀mù ní kí ẹnikẹ́ni má gbé epo bẹntiróòlù lọ sí ilé epo tó bá wà láàárín 20 kìlómítà sí ẹnubodè. Ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé Ìdìrókò, tó fẹ́ bu epo sí jẹnẹrétọ̀, di afurasí nínú ilé bàbá rẹ̀. Ìrẹsì wọ́n. Fàyàwọ́ kò dúró. Owó tí wọ́n ń san lójú ọ̀nà nìkan ló lọ sókè. Wọ́n ṣí Sèmè ní oṣù Kejìlá ọdún 2020. Ìdìrókò dúró di oṣù Kẹrin ọdún 2022.

N kò fi ọ̀rọ̀ ààbò ṣeré. Ará Borno àti Katsina tí kò lè sùn, ó ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè ògiri, ó ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè ohunkóhun. Ẹ̀rù tó ń ba ọ̀gágun náà kì í ṣe àròsọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ibi tí ìbọn ń gbà. Ní oṣù Kìíní ọdún 2017, Kọ́sítọ̀mù dá ọkọ̀ kan dúró ní Mile 2, wọ́n bá ìbọn 661 nínú kọ̀ńténà rẹ̀. Kò gba igbó. Kò fo ọgbà. Èbúté Èkó ló gbà jáde, wọ́n sì mú òṣìṣẹ́ Kọ́sítọ̀mù pàápàá lórí ọ̀rọ̀ náà. Ẹ sì mọ ohun tí wọ́n kó bo àwọn ìbọn yẹn mọ́lẹ̀? Ilẹ̀kùn irin. Ilẹ̀kùn tí a fẹ́ fi dáàbò bo ilé wa ló gbé ìbọn wọlé.

Ní 2013, Abba Moro tó jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé sọ pé ọ̀nà 84 ni ìjọba fọwọ́ sí kí ènìyàn gbà wọ Nàìjíríà, pé àwọn tí kò bófin mu jẹ́ 1,499. Gbogbo ènìyàn pariwo lórí 1,499 yẹn. Èmi, 84 ló ń bà mí lẹ́rù, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbowó.

Donald Trump ni àwọn ọmọ ẹ̀yìn Alága fi ń jẹ́rìí. Òótọ́ ni, ó ṣèlérí ògiri ní 2015, ó ní Mẹ́síkò ni yóò sanwó rẹ̀. Mẹ́síkò kò san kọ́bọ̀. Nígbà tí ilé aṣòfin Amẹ́ríkà náà kọ̀ láti san án, apá kan iṣẹ́ ìjọba wà ní títì fún ọjọ́ 35, láti òpin 2018 wọ 2019. Wọ́n mọ èyí tí wọ́n lè mọ, àwọn ènìyàn sì mú ayùn tó wà lọ́jà gé e, àwọn mìíràn gbé àkàbà.

Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni Alága fúnra wọn. Ọmọ wọn ń wá físà Amẹ́ríkà. Ní òru Jímọ̀, wọ́n wà ní àgọ́ àdúrà lójú ọ̀nà márosẹ̀ wa yìí, wọ́n ń lagun, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ janlẹ̀, wọ́n ń pàṣẹ pé kí odi Jẹ́ríkò tó wà ní ẹ́ḿbásì wó lulẹ̀ bẹẹrẹ. Àmín wọn ń dún dé ìta. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́ Ajé, wọ́n ti wà nídìí ìwé ìròyìn, wọ́n ń bẹ ìjọba pé kó mọ Jẹ́ríkò tuntun sí Ìdìrókò. Ọlọ́run yóò ti gbọ́ méjèèjì, yóò sì ti ní kí áńgẹ́lì kan lọ bi wọ́n léèrè èwo gan-an ni wọ́n fẹ́.

Ẹ̀yin aṣòfin wa l'Ábújá, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Bí wọ́n bá gbé owó ògiri wá síwájú yín, ẹ má tíì fọwọ́ sí i. Ẹ kọ́kọ́ ní kí wọ́n wá ka ìṣirò títì 2019 fún wa: iye tí ó náni, àwọn tí wọ́n mú, àwọn òṣìṣẹ́ tó gbowó lójú ọ̀nà àti ẹ̀wọ̀n tí wọ́n lọ. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n tó ra búlọ́ọ̀kù kan.