Olówó Lekki, Ọ̀rẹ́ Ọ̀fẹ́

Ẹ̀yin ará Lekki! Ẹ kú ìdúró nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Jakande, ẹ kú ìlúwẹ̀ẹ́ òjò ní Àgùngì, ẹ kú owó ilé. Ẹ̀yin tí ẹ ti kọjá Ajah, tí ẹ ti wọ Ṣàǹgótẹ̀dó dé Awóyáyà, tí ẹ ṣì ń sọ fún ìyá yín pé "Lekki náà ni", ẹ̀yin náà, ẹ kú irọ́.

Ọ̀rọ̀ fíìmù ni mo bá wá. Ó pẹ́ tí àwọn ilé iṣẹ́ tó ń gbé fíìmù sórí íntánẹ́ẹ̀tì ti ń jìjàkadì nítorí àpò yín. Wọ́n wo Lekki, wọ́n rí jíìpù, wọ́n rí géètì tó ga ju ti ààfin lọ, wọ́n ní, "Hẹ̀n-ẹ́n, oníbàárà dé!" Ẹnikẹ́ni nínú yín kò pe wọ́n sẹ́yìn kó sọ fún wọn pé géètì ló gbé owó náà mì.

Ìrókò ló kọ́kọ́ hù. Jason Njoku gbé iROKOtv jáde ní ìparí ọdún 2011, nígbà tí BlackBerry ṣì ń sọ ènìyàn di ọba. Láyé ìgbà náà, ẹ ó tẹ fíìmù alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, ìgbà tí ẹ bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ Àìkú ni òṣèré yóò tó parí gbólóhùn àkọ́kọ́. Ìrókò ṣe gbogbo ohun tí igi lè ṣe. Ó tiẹ̀ kọ́ ṣọ́ọ̀bù kéékèèké káàkiri kí ẹ lè wá gba fíìmù sórí fóònù. Nígbà tó yá, Njoku fúnra rẹ̀ ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 100 dọ́là ti bá ọ̀rọ̀ náà lọ, òun ti fi ọjà Nàìjíríà sílẹ̀, àwọn ará òkè òkun lòun ń bá ṣe. Gbogbo ìrókò ló ní olúwéré tó ń gbé inú rẹ̀. Olúwéré ti Njoku, dọ́là ló ń jẹ.

Alápupa wá dé. Netflix wọlé ní oṣù kìíní ọdún 2016. Ó ra Lionheart lọ́wọ́ Genevieve Nnaji, ó gbé Aníkúlápó ti Kúnlé Afọláyan jáde, ó gbé Jagun Jagun, ó gbé Lísàbí, títí ọmọ Lekki Phase 1 tí kò lè kí bàbá rẹ̀ ní Yorùbá fi ń jó bàtà nínú pálọ̀. Nínú ìròyìn tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ ní 2023, wọ́n ní àwọn ti ná mílíọ̀nù 23 dọ́là ní Nàìjíríà láti ọjọ́ tí àwọn ti dé. Owó ńlá ni. Ó ku díẹ̀ kó tó ra òpópónà kan ní Ìkòyí.

Ọdún yẹn kan náà ni Alápupa bẹ̀rẹ̀ sí ṣọ́ páswọ́ọ̀dù káàkiri ayé, ó ní ará ilé kan ṣoṣo ni kó máa lò ó. Ẹ gbọ́ ìbéèrè! Yorùbá wo lẹ lè bi pé ta ni ará ilé rẹ̀? Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Houston, àna wa ní Ọ̀ṣápá London, ọ̀rẹ́ àbúrò ìyàwó wa ní Badore, abẹ́ òrùlé kan náà ni gbogbo wa wà. Òrùlé náà ló gùn díẹ̀.

Ní 2024, Alápupa fi owó kún owó lẹ́ẹ̀mejì. Èyí tó ga jù kúrò ní ₦4,400, ó di ₦5,000, kò pẹ́ tó di ₦7,000. Ha! Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe àìsùn àdúrà nínú ẹ̀síteètì. Ẹni tí ohùn rẹ̀ ròkè jù, ṣàwámà méjì ló gbà dání, owó wọn sì ju ₦7,000 náà lọ. Dọ́là kan ti lé ní ₦1,500 nígbà náà, nítorí náà gbogbo ariwo yìí, nítorí ohun tí kò tó dọ́là márùn-ún ni. Ará Amẹ́ríkà ń san $22.99 lórí nǹkan kan náà nígbà yẹn, kò sì sí ẹni tó gbààwẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi Prime Video ṣẹ̀rín díẹ̀, torí owó rẹ̀ kò dúró pẹ́. Ó dé ní oṣù kẹjọ 2022 pẹ̀lú ₦2,300 lóṣù. Ó gbé Gangs of Lagos jáde ní 2023, ó sì bí àwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó nínú nítorí bó ṣe lo eégún Ẹ̀yọ̀. Nígbà tó fi di oṣù kìíní 2024, ó ní òun kò ná owó sórí fíìmù tuntun nílẹ̀ Áfíríkà mọ́. Ó jẹ àsè, ó bú onílé, kò dúró fọ abọ́.

Àwọn DStv ńkọ́? Ọdún 2015 ni wọ́n bí ọmọ wọn, Showmax. Wọ́n tún un bí ní 2024, wọ́n sì sọ ọ́ lórúkọ kan náà. Òun ló ta ìjà àwọn ìyàwó olówó Èkó fún yín nínú The Real Housewives of Lagos, ìjà tí ẹ lè wò láìsan kọ́bọ̀ bí ẹ bá lọ sí ìpàdé ẹ̀síteètì yín. Ìyá rẹ̀ sì sọ owó Premium di ₦44,500 ní oṣù kẹta 2025. Kí ọdún náà tó parí, Canal+ ti Faransé ti gba ilé iṣẹ́ náà. Bí àwòrán bá dí, tí ẹ bá fẹ́ pè wọ́n, ẹ kọ́kọ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ "bọ́n-jú".

Ta ló wá borí nínú ìjàkadì yìí? YouTube ni o! Ní oṣù kẹta 2025, Omoni Oboli gbé Love in Every Word síbẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ iye ìgbà tí wọ́n wò ó ti lé ní mílíọ̀nù 20. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ kì í wo Nollywood, ta ló wá kọ́ yín ní orúkọ "Achalugo" tó wà nínú rẹ̀?

Mo kí ilé funfun kan ní Lekki tí wọ́n ti ń ya gbogbo fíìmù YouTube wọ̀nyí. Ó ti ṣe ọsibítù, ó ti ṣe báńkì, ó ti ṣe ààfin. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ilé tálákà ni. Tálákà náà fi èékánná gígùn àti irun Brazil gún iyán. Ọkùnrin tó ń ṣí géètì níbẹ̀, bílíọ́níà tó ń wá ìyàwó ni, gbogbo wa la mọ̀ àfi ìyàwó. Kò sí aládùúgbò tí wọn kì í bẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa pa jẹnẹrétọ̀, à ń ya ibi ẹkún."

Ọ̀fẹ́ ni YouTube, ẹ ń wò ó títí ilẹ̀ fi mọ́. Ṣùgbọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ 2025 ni NCC, àjọ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ fóònù, ti fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé iṣẹ́ fóònù fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn. Ẹni tó sá fún ₦7,000 ti ra dátà tó jù bẹ́ẹ̀ lọ láti fi wo ọ̀fẹ́. Ẹ̀yin olówó mà gbọ́n o!

Ní oṣù kẹjọ 2025, Filmhouse àti Inkblot tún gbé KAVA dé láti máa ta fíìmù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọmọ ilẹ̀ wa gidi. Ẹ káàbọ̀ o, ẹ gbé àga, ẹ má tíì ka owó. Ẹ̀yin ará Lekki, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ san ti oṣù kan péré fún wọn. Ẹ kàn ṣe é bí ẹni pé aṣọ ẹbí ni wọ́n dá, torí ẹ ò tíì kọ aṣọ ẹbí rí.