Bàbá Onírẹ̀lẹ̀

Tí ẹ bá ń wá Bàbá Ìjọ wa láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, ẹ má wo iwájú. Ẹ̀yìn pátápátá ló ń jókòó sí, lẹ́yìn tí orin ìwọlé bá ti parí, tí gbogbo ìjọ ti jókòó, tí ojú ò rí nǹkan mìíràn wò mọ́. Á há ara rẹ̀ sáàárín àwọn ọmọ tó ń jẹ gúgúrú. Kò ní pẹ́ táwọn agbàlejò á fi yí i ká: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ síwájú." Á kọ̀. Wọ́n á bẹ̀ ẹ́. Á tún kọ̀. Ìgbà tí pásítọ̀ bá dákẹ́ lórí pẹpẹ ló máa tó mí kanlẹ̀: "Ẹ jẹ́ n lọ, kí n má baà dí iṣẹ́ Olúwa lọ́wọ́." Ni yóò bá máa bọ̀ jẹ́jẹ́, tí agbádá ń gbá eékún àwọn èèyàn, títí dé orí ìjókòó tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí tìmùtìmù rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ń wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Bíṣọ́ọ̀bù gan-an, ẹ̀ẹ̀kan ni.

Ìwé Lúùkù orí 14 ló ti rí ọgbọ́n yìí. Níbẹ̀ ni Jésù ti ní kí ẹni tí wọ́n pè síbi ìgbéyàwó lọ jókòó níbi tó rẹlẹ̀ jù, kí ẹni tó pè é lè wá gbé e sókè. Àwa tó kù rò pé ìgbéraga ni Jésù ń bá wí. Bàbá ní tiẹ̀ rí ọ̀nà níbẹ̀.

"Ẹ má dọ̀bálẹ̀ fún mi o, erùpẹ̀ lásán ni mí." Gbólóhùn rẹ̀ nìyẹn. Mo mú ọmọ àbúrò mi kan tí wọ́n tọ́ nílùú òyìnbó lọ kí i, ọmọ náà sì gbà á gbọ́. Ó dúró gbọnin, ó ní "Ẹ káàárọ̀ sà." Odidi oṣù mẹ́ta ni Bàbá fi ń rẹ́rìn-ín bi mí pé irú ilé ẹ̀kọ́ wo ni ọmọ yẹn lọ.

Lọ́dọọdún ló ń gba ìwàásù ìrẹ̀lẹ̀ lọ́wọ́ pásítọ̀. Á sọ ìtàn Joseph Ayọ̀ Babalọlá, dírẹ́bà ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ojú títì, tó gbọ́ ìpè lẹ́nu iṣẹ́ lọ́dún 1928, tí èrò sì ń wọ́ tọ̀ ọ́ lọ ní Iléṣà lọ́dún 1930. Ìtàn náà dùn. Àfi bí Bàbá bá ti dé ibi èrò yẹn, ojú rẹ̀ á tàn, á wá máa ka iye èèyàn tó wá síbi ọjọ́ ìbí tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n ti Ọjọ́bọ̀ Ọ̀sẹ̀ Mímọ́ èṣí ni mi ò lè gbàgbé. Ó ní òun fẹ́ fọ ẹsẹ̀ èèyàn méjìlá bí Jésù ti ṣe, kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ sí i. Ayàwòrán méjì ló gbà. Ó ti ránṣẹ́ sáwọn méjèèjìlá pé kí wọ́n fi ọṣẹ àti kàn-ìn-kàn-ìn fọ ẹsẹ̀ wá láti ilé. Káfíńtà wa nìkan ni kò gbọ́. Ibi iṣẹ́ ló ti wá, lẹ́búlẹ́bú pákó lẹ́sẹ̀, gìgísẹ̀ tó sán bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Èmi ni mo di táwẹ̀lì mú (mo jẹ́wọ́ pé mo dúró síbi tí kámẹ́rà á ti mú mi). Bàbá fi ìka méjì mú ẹsẹ̀ náà bí ẹni mú ẹja tó ti bàjẹ́, ó bomi sí i. Ayàwòrán ní, "Sà, iná ò tàn." Bàbá ní kí káfíńtà gbé ẹsẹ̀ padà sínú ọpọ́n. Lẹ́ẹ̀kejì, Bàbá ní fìlà ń bo òun lójú. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni wọ́n fọ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo yẹn. Lẹ́ẹ̀kẹrin, ó mọ́ lóòótọ́.

Nígbà tó di oṣù Kejìlá, kàlẹ́ńdà jáde. Ojú Bàbá kún àwòrán náà bámúbámú. Àwọn méjìlá, ẹsẹ̀ nìkan ni wọ́n ní. Ó fi ọ̀kan lé mi lọ́wọ́, ó rọra ní, "Má jẹ́ káwọn èèyàn mọ̀ pé èmi ni o."

Mo gbé e lọ fi han káfíńtà. Ó wò ó títí, ó fi ìka kan gìgísẹ̀ kan ní igun ìsàlẹ̀.

"Tèmi nìyí," ó ní. "Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì ni. Kò tíì mọ́ nígbà yẹn."