Oògùn Orí Fífọ́ Nílé Ọlọ́run

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Àwọn àgbà tó pa òwe yìí kò bá wa jókòó nínú ìgbìmọ̀ ìjọ òde òní, wọn ì bá rí bí a ti ń pọ́n idà. Ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ilẹ̀ Yorùbá, bí ìgbéyàwó bá ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ìyàwó á lọ ṣe àyẹ̀wò oyún. Bí èsì bá sọ pé oyún wà, pẹpẹ di èèwọ̀ fún un. Ó di kí wọ́n gbàdúrà fún un ní kọ̀rọ̀. Ọkọ ńkọ́? Ìtọ̀ tirẹ̀ kì í jẹ́rìí, nítorí náà olódodo ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe wọ́ obìnrin kan tí wọ́n ká mọ́ panṣágà wá sọ́dọ̀ Jésù nínú Jòhánù orí 8. Léfítíkù 20:10 dá ẹjọ́ ikú fún ọkùnrin àti obìnrin panṣágà pọ̀, síbẹ̀ obìnrin nìkan ni àwọn olùfẹ́ òfin yìí rí mú.

Àìsàn kí ìyà máa jẹ obìnrin nìkan yìí ti pẹ́ lára wa. Lọ́dún 1888, àwọn bíṣọ́ọ̀bù ìjọ Áńgílíkà péjọ sí Lambeth ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ní a kò gbọdọ̀ ṣe ìrìbọmi fún olóbìnrin púpọ̀. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ àwọn ìyàwó sílẹ̀ fún àwọn aláṣẹ ìjọ ìbílẹ̀. Ibi tí ìyàwó kékeré máa kó ọmọ rẹ̀ lọ kò sí nínú ìpinnu wọn. Ọ̀rọ̀ aya púpọ̀ yìí ló dá ìyapa sílẹ̀ nínú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Èkó lọ́dún 1917, tí àwọn tí wọ́n lé jáde fi dá United African Methodist Church, Ẹlẹ́ja, sílẹ̀. Nígbà tó di 1988, àpérò Lambeth kan náà gbà pé kí olóbìnrin púpọ̀ ṣèrìbọmi pẹ̀lú àwọn aya rẹ̀ tó gbàgbọ́, bó bá ti lè jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun kò ní fẹ́ òmíràn mọ́. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má fipá mú un lé aya kankan, nítorí ìyà tó máa jẹ obìnrin náà. Ọgọ́rùn-ún ọdún gbáko ni ìyẹn gbà wọ́n! Ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọn ò dúró tó bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó ṣàánú. Láti 1907 tí Dókítà George Green ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwòsàn àwọn Onítẹ̀bọmi níbẹ̀, títí kan ibùdó adẹ́tẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àìsàn ni wọ́n ń wò. Bó bá jẹ́ ìwé ìgbéyàwó ni wọ́n fi ń gba káàdì, aláìsàn mélòó ni ì bá wọlé?

Àwọn kan á ní bí a bá dẹ okùn, àwọn ọ̀dọ́ á bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn, nítorí Jésù náà sọ fún obìnrin inú Jòhánù yẹn pé kó má dẹ́ṣẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n òkúta ló kọ́kọ́ gbà lórí rẹ̀ kó tó bá a wí. Àti pé òfin tó jẹ́ ikùn nìkan ló ń rí kì í lé ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó bí ẹ̀ṣẹ̀ síta ló ń lé. Ọmọge tó bá gbọ́n ju ìgbìmọ̀ lọ á yáa lọ ṣẹ́yún kí ọjọ́ àyẹ̀wò tó pé, aṣọ rẹ̀ á sì funfun báláú. Ẹ̀yin alàgbà Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá àyẹ̀wò oyún padà fún àwọn nọ́ọ̀sì.